Òṣùká Kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. N kò ní kí ẹ gbà á gbọ́, mo kàn ní òótọ́ ni. Àwọn tó fojú rí i ṣì wà láàyè. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọn yóò kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wọn, wọn yóò wo òkè pópó, wọn yóò wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọn yóò wá ní àwọn kò rí nǹkan kan. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílùú yẹn nìyẹn láti ìgbà tí òfin pàjáwìrì ti dé.

Santa Rufina ni ìlú náà. Ó wà lẹ́sẹ̀ òkè oníná kan tó ti sùn tipẹ́, lórí ilẹ̀ tóóró tó so Amẹ́ríkà òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Aránṣọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Tila. Domitila ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ló ráyè pe gbogbo ìyẹn? Opó ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Eliseo, káfíńtà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ẹni tó máa ń ti ẹ̀rín bọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán.

Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ ti Ìyá Tila nìkan. Lọ́dọọdún, ní ọ̀sán Ẹtì Rere, ogójì ọkùnrin máa ń gbé pósí Olúwa yí ìlú ká. Igi àti gíláàsì ni wọ́n fi ṣe pósí náà, ère Olúwa sùn sínú rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Igi gígùn méjì ló gbé e dúró, ogún èjìká lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí igi má baà bó wọn lára, òṣùká kan máa ń wà láàárín igi àti èjìká, aṣọ líle tí wọ́n ki òwú àràbà sí nínú. Ìyá Tila ló ń rán gbogbo rẹ̀. Wọn kì í lo ti èṣí. Ẹrù ọdún kọ̀ọ̀kan ní òṣùká tirẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kù, yóò wọn èjìká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti wọn ẹnì kan tán, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kọ nọ́ńbà ipò onítọ̀hún sí èjìká rẹ̀ pẹ̀lú aró elésè àlùkò, kí wọ́n má baà máa jà sí ipò lọ́jọ́ náà. Aró yẹn kì í ṣí bọ̀rọ̀. Ó máa ń wà lára wọn títí Ọdún Àjíǹde yóò fi kọjá.

Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nọ́ńbà Eliseo. Òṣùká tirẹ̀ nìkan ni ìyá rẹ̀ lè fọwọ́ dá mọ̀ nínú òkùnkùn. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ó já bọ́ láti orí igi máńgòrò, eegun èjìká rẹ̀ dá, kò sì jinná gún. Èjìká àwọn yòókù máa ń tẹ ihò kan sínú òṣùká. Ti Eliseo máa ń tẹ méjì, pẹ̀lú ebè kékeré kan láàárín.

"Ìwọ nìkan lo máa ń bá mi ba òwú jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì," ni ìyá rẹ̀ máa ń wí.

"Ẹ lọ bá máńgòrò sọ ọ́, Mọ̀ọ́mi."

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, kí n má baà fi ìdajì òótọ́ purọ́. Kí òfin pàjáwìrì tó dé, àwọn jàǹdùkú ló ni Santa Rufina. Ẹgbẹ́ kan ni òkè afárá, ẹgbẹ́ kan ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ara wọn, nọ́ńbà náà ni wọ́n ń fín sára. Ẹni tó bá ṣèèṣì kọjá afárá lọ kí àbúrò ìyá rẹ̀, ó lè má padà. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba kéde pé láti òní lọ ṣójà lè mú ẹnikẹ́ni níbikíbi, láìsí ìwé àṣẹ, láìsí lọ́yà, láìsí adájọ́ tí yóò bi wọ́n pé kí ló ṣe, inú àwọn ará ìlú dùn. Wọ́n ní ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ kò ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ìyá Tila gbé kọfí àti búrẹ́dì dídùn lọ fún àwọn ṣójà ní ìdí afárá, ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

"Mo sùn lánàá, Tila," ni Hortensia, alámùúlégbé rẹ̀, wí láti ẹ̀yìn ògiri. "Mo sùn débi pé n kò gbọ́ ìgbà tí àkùkọ kọ."

"Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ìjọba yìí."

Wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ òkè afárá. Àwọn ìyá wọn wá ń sunkún ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Tila sọ ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ náà tí kò lè gbé mì mọ́ láti ìgbà náà. Ó ní, "Wọn kì í ṣàdédé mú èèyàn. Ó níláti jẹ́ pé ó ṣe nǹkan."

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé ìwọ̀n èjìká, àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ nínú àwọn arùpósí lọ lúwẹ̀ẹ́ lódò. Ooru mú. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù. Ọkọ̀ ṣójà dúró lókè.

"Kí ni nọ́ńbà tó wà lára yín yẹn?"

"Nọ́ńbà pósí ni, ọ̀gá."

"Pósí?" Àwọn ṣójà rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti gba ti yín sílẹ̀ nìyẹn. Ta ló kọ ọ́ sí yín lára?"

"Màmá mi ni," ni Eliseo dáhùn, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n kó gun ọkọ̀. Hortensia ní ọmọ níbẹ̀, Amílcar, nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bàbá Leandro, olórí arùpósí, ní ọmọ níbẹ̀, Rigoberto, nọ́ńbà mẹ́rìnlá. Àwọn arùpósí tó ṣẹ́ kù nílùú jẹ́ mọ́kànlá, àwọn tó ti dàgbà ju ẹni tí í lọ lúwẹ̀ẹ́ lódò lọ.

Ìyá Tila gbé ìgò aró àti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sáré lọ bá sájẹ́ǹtì tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ṣójà ìdí afárá. Ó kọ nọ́ńbà sí apá ara rẹ̀ níwájú ọkùnrin náà kó lè rí i.

"Ẹ wò ó. Ọwọ́ mi nìyí. Èmi ni mo kọ ọ́."

Sájẹ́ǹtì yẹn kì í ṣe ọ̀yájú. Ó ti mu kọfí obìnrin náà rí. "Màmá, ẹ máa lọ sílé," ló wí. "Bọ́wọ́ rẹ̀ bá mọ́, á padà wálé."

Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n kó wọn lọ jìn tó ìrìn àjò bọ́ọ̀sì mẹ́rin. Àwọn ìyá a máa lọ lóṣooṣù pẹ̀lú ẹrù: ṣòkòtò péńpé funfun, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Wọn a tò sí ẹnu fèrèsé kékeré kan, akọ̀wé a wo ìwé, a gba ẹrù. Wọn kì í rí ọmọ wọn, wọn kì í gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gba ẹrù, ìyẹn tó láti fi sùn.

Nígbà tó kan Ìyá Tila, akọ̀wé náà wo ìwé, ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn.

"Kò sí orúkọ yẹn níbí."

"Ojú wa ni wọ́n ṣe mú un."

"Màmá, mo ní kò sí i."

Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló gun ọkọ̀. Méjìdínlọ́gbọ̀n ló wà nínú ìwé. Ó lọ sí ẹ̀wọ̀n kejì, ó lọ sí ilé ìwòsàn, ó lọ sí ilé òkú. Gbogbo wọn ní ìwé, kò sí ìwé kankan tó ní Eliseo nínú. Ó wá padà sí fèrèsé àkọ́kọ́, ó sì ń lọ lóṣooṣù. Wọn a gba ẹrù náà wọlé láti wádìí, wákàtí kan a kọjá, wọn a gbé e jáde fún un. Aránṣọ ni, nítorí náà kì í lẹ ẹrù tirẹ̀, ṣe ló máa ń rán an pa. Kò sí ìgbà kan tí ojú rírán rẹ̀ yí padà. Ẹnikẹ́ni kò tú u wò.

Ọdún náà, pósí kò jáde.

Ní oṣù kìíní ọdún kejì, wọ́n gbé Rigoberto wálé nínú àpótí tí wọ́n kàn níṣòó. Wọ́n ní àyà rẹ̀ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n má ṣí i. Bàbá Leandro sin ọmọ rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Nígbà tí àwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀, ó dé ilé Ìyá Tila, ó jókòó, ó gbé fìlà lé orúnkún.

"Ìyá Eliseo, pósí á jáde lọ́dún yìí."

"Ta ni yóò gbé e, Bàbá?"

"Àwa tó kù. Mo ti gba ìwé lọ́wọ́ sájẹ́ǹtì. Èèyàn méjìlá, kò gbọ́dọ̀ lé kan. Àwa mọ́kànlá, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ lé wa pẹ̀lú abẹ́rẹ́ bí òṣùká bá ya. Kò sí olórin, kò sí fèrè. Kí gbogbo ìlú dúró sí ẹnu ọ̀nà wọn."

"Ó sì gbà?"

"Ó mọ̀ pé a ò lè gbé e. Ìdí tó fi gbà nìyẹn."

Ìyá Tila ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Òṣùká mélòó ni kí n rán?"

"Mọ́kànlá náà ni."

"Ogójì ni mo mọ̀ ọ́n rán, Bàbá."

Ọkùnrin àgbà náà dìde. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ. Ìyá Tila rán ogójì. Kò wọn èjìká ẹnikẹ́ni, kò sì fi aró kan ara ẹnikẹ́ni mọ́ láyé. Ó so òṣùká kọ̀ọ̀kan mọ́ ipò tirẹ̀ lábẹ́ igi, gbogbo wọn wú, wọ́n rọ̀, wọ́n dà bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo.

Ọjọ́ Ẹtì Rere, aago mẹ́ta ọ̀sán. Oòrùn wà lókè gan-an. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì kì í dún lọ́jọ́ yẹn. Pákó méjì ni wọ́n máa ń gbá pọ̀ dípò rẹ̀. Àwọn obìnrin ti fi iyọ̀ aláwọ̀ ṣe ẹní sí ojú pópó láti ẹnu ṣọ́ọ̀ṣì yí ìlú ká, iyọ̀ pupa, iyọ̀ aró, iyọ̀ funfun, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọọdún, kí ẹsẹ̀ àwọn tó gbé Olúwa lè tẹ̀ ẹ́ kọjá. Gbogbo ìlú dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ṣójà mẹ́fà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Ajá pàápàá kò gbó.

Àwọn mọ́kànlá bọ́ sábẹ́ igi. Àlàfo tó wà láàárín wọn ń dójú ti ni. Ọ̀kan níwájú, méjì lápá òsì, lẹ́yìn náà igi lásán, òṣùká lásán.

"Bàbá, ẹ fi sílẹ̀," ni sájẹ́ǹtì wí pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀yìn yín lẹ máa dá."

"Ẹlẹ́rù ló ń kọ́kọ́ gbé e ká tó bá a fọwọ́ kún un," ni Bàbá Leandro dáhùn.

Pákó dún lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n fi èjìká kan igi. Ó dún lẹ́ẹ̀kẹta.

Pósí dìde.

Kò ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Kò fì sọ́tùn-ún, kò fì sósì. Ó dìde bó ṣe máa ń dìde nígbà tí ogójì wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì dúró gbọọrọ lókè, gíláàsì rẹ̀ ń dán nínú oòrùn. Ojú Bàbá Leandro là sílẹ̀. Ìyá Tila rí i kedere lójú ọkùnrin náà pé ẹrù tó wà léjìká rẹ̀ kò ju ìpín tirẹ̀ lọ.

Ó wá gbọ́ ìró kan. Ó mọ ìró náà dáadáa, nítorí pé òwú tirẹ̀ ni. Ìró òwú àràbà tí nǹkan ń tẹ̀. Fùù, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń mí jáde. Òṣùká kejì tẹ̀, ó wọlẹ̀, kò sì sẹ́nì kankan lábẹ́ rẹ̀. Ìkarùn-ún wọlẹ̀. Ìkẹfà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tẹ ihò èjìká sínú ara rẹ̀, ihò náà ń jìn, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Nínú iyọ̀ tó wà nísàlẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ń yọ. Sálúbàtà ni àwọn mọ́kànlá wọ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni ìwọ̀nyí, ọmọ ìka márùn-ún márùn-ún.

Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ètè rẹ̀ ń mì, ìka rẹ̀ ń tọ́ka. Ó ka èèyàn méjìlá. Ó tún un kà, méjìlá náà ni. Ó wá wo ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹsẹ̀ inú iyọ̀, kò sì parí rẹ̀. Ó ṣí fìlà lórí. N kò rò pé ó mọ̀ pé òun ṣí i.

Ẹ̀rù ba Ìyá Tila, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù tí í mú ni sá. Irú èyí tí í mú ni kúnlẹ̀ ni. Ó ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ èémí ogójì ọkùnrin láti ẹnu mọ́kànlá. Wọ́n dé iwájú ilé Bàbá Leandro. Òṣùká kẹrìnlá wọlẹ̀ níbẹ̀, ní ẹnu ọ̀nà gan-an. Ti Rigoberto, ẹni tí wọ́n sin ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyàwó Bàbá Leandro gbá ògiri mú.

Ìgbà náà ló yé Ìyá Tila. Àwọn òkú ló wá gbé e.

Ojú rẹ̀ sáré lọ sí ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ó wú. Ó rọ̀. Kò sí nǹkan tó tẹ̀ ẹ́.

"Má wọlẹ̀," ló wí nínú ikùn rẹ̀. "Jésù tó sùn sínú gíláàsì, má jẹ́ kó wọlẹ̀."

Láti ibẹ̀ lọ, kò wo nǹkan mìíràn mọ́. Ní iwájú ilé Hortensia, òṣùká kọkànlélọ́gbọ̀n wọlẹ̀. Hortensia kò ké. Ó jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà ilé rẹ̀, àwọn ìyá mìíràn náà ń jókòó bẹ́ẹ̀ lọ, láti ilé dé ilé, bí nọ́ńbà ọmọ wọn ṣe ń lọ sílẹ̀. Ìyá Tila ń kọjá níwájú wọn, ó ń bẹ Ọlọ́run. Má wọlẹ̀. Má wọlẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi yí ìlú ká. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí wọ́n gbé pósí kalẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Méjìdínlọ́gbọ̀n ló wọlẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni lábẹ́ wọn. Ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n nìkan ṣoṣo ló wú síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe rán an.

Ó dé ilé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi aṣọ bo ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà láàyè.

Ẹ jẹ́ kí n má fi nǹkan pa mọ́ nípa obìnrin yìí, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi gbé ayọ̀ náà kiri bí ẹni jí ẹran lọ́jà. Hortensia wọ dúdú. Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́sàn-án gbàdúrà fún Amílcar, wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ sáàárín àbẹ́là. Ìyá Tila bá wọn din ẹ̀wà, ó bá wọn sunkún. Ṣùgbọ́n bó bá ti yíjú sí ògiri, ojú rẹ̀ a tàn.

"Tìẹ ò wá, àbí?" ni Hortensia bi í lọ́jọ́ kan.

"Kò wá."

"Orí ẹ bá ẹ ṣe é, Tila."

Òjò oṣù karùn-ún ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ọ̀sán. Aṣọ funfun ló wọ̀. Wọ́n ti fá orí rẹ̀, ó gbẹ bí igi ìdáná. Ó rìn kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, ó yà sí ilé Hortensia, ó bá fọ́tò ara rẹ̀ láàárín àbẹ́là.

"Mọ̀ọ́mi, ta ló kú?" ni Amílcar bi wọ́n.

Wọ́n kàn dá a sílẹ̀ ni. Wọ́n ní àṣìṣe ni, kó fọwọ́ síwèé, kó máa lọ. Ìgbà tí Ìyá Tila máa fi débẹ̀, Hortensia ń fọwọ́ pa á lójú, lórí, láyà, bí ẹni ń wá ibi tí òkú fara pamọ́ sí. Ó bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ọmọ náà. Ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Àpá kan wà léjìká ọ̀tún Amílcar, ó ti ń di àwọ̀ ewé. Ojú ibi tí òṣùká tẹ̀ ni. Ìyá Tila súnmọ́ ọn. Ní etí àpá náà, ojú rírán tẹ̀ sí i lára ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, agbélébùú kéékèèké. Òun nìkan ló ń rán aṣọ bẹ́ẹ̀ ní Santa Rufina.

"Níbo lo ti rí èyí?" ló bi í.

"Ní Ẹtì Rere ni, Mà." Amílcar ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ti kọ́ pé kó má pariwo. "A pọ̀ nínú yàrá yẹn, àádọ́rùn-ún, bóyá jù bẹ́ẹ̀. Kò sí aago níbẹ̀. Mo kàn gbọ́ pákó. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹrù wá bọ́ lé mi léjìká. Mo ti gbé e rí, mo mọ bó ṣe ń wúwo. Mo dìde. Àwọn tiwa dìde níbi tí kálukú wà. Iyọ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, Mà. Lórí sìmẹ́ńtì."

"Wádà ńkọ́?"

"Ó wò wá. Kò sọ nǹkan kan. Ó ṣí fìlà."

Òjò ń rọ̀ sórí páànù. Ìyá Tila jókòó.

"Eliseo ńkọ́?"

Amílcar wo ilẹ̀.

"Okùn kan náà ni wọ́n fi so wá nínú ọkọ̀, èmi àti ẹ̀. Wọ́n fi aṣọ dì wá lójú. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà, ó ní ọwọ́ mi ń làágùn. Mo ń gbọ́ ọ. Ọkọ̀ ò dúró níbì kankan, Mà. Kò dúró rárá. Nígbà tí wọ́n tú ojú wa, ọwọ́ mi wà nínú okùn, kókó odìkejì wà bí wọ́n ṣe so ó. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

Ìyá Tila dìde, ó rìn lọ sílé nínú òjò.

Ẹ bá a rò ó. Rigoberto kú, ó sì wá gbé e. Amílcar wà láàyè, òun náà gbé e. Òkú wá, alààyè wá. Kí ló wá kù tí èèyàn lè jẹ́? Ó rántí pé wákàtí méjì àti díẹ̀ lòun fi bẹ Ọlọ́run pé kí òṣùká yẹn má wọlẹ̀, Ọlọ́run sì gbọ́. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Obìnrin tó ti fi ẹ̀rín pa mọ́ sínú aṣọ, lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó sunkún débi pé Hortensia wá láti ilé kejì, ó sùn tì í.

Lówùúrọ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tú òṣùká kẹtàdínlọ́gbọ̀n kúrò lára igi. Ó ṣì wú. Ó fi í sáàárín ṣòkòtò funfun àti ọṣẹ, ó rán ẹrù náà pa yíká, ó ṣe kókó mẹ́ta sí ìparí rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì mẹ́rin.

"Màmá, ẹ̀yin náà tún dé," ni akọ̀wé wí. Ó ti mọ̀ ọ́n. "Kò sí orúkọ yẹn."

"Ẹ kàn bá mi gbé e wọlé, ọmọ mi. Bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ohun tó máa fi gbé ẹrù ni."

Ọkùnrin náà na ọwọ́ gbà á. Ó gbé e wọlé. Wákàtí kan kọjá. Ó gbé e jáde, ó nà án fún un láti ojú fèrèsé, kò sì wo ojú rẹ̀. Ìyá Tila yẹ ojú rírán wò níbẹ̀ gan-an, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Kókó mẹ́ta wà níbẹ̀. Okùn rẹ̀ kò já, kò sí ihò abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ilé ló ti tú u, níwájú Hortensia àti Amílcar. Ọṣẹ wà bó ṣe wà. Ṣòkòtò wà ní kíká. Ó fa òṣùká jáde.

Ó ti wọlẹ̀. Ihò méjì ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ebè kékeré láàárín. Aṣọ rẹ̀ tutù fún òógùn. Ìyá Tila gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó pa ojú dé.

"Ó gbóná," ló wí.

Oòrùn mú lójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn. Àwọn kan ní oòrùn inú bọ́ọ̀sì ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó rán òṣùká tuntun, ó sì gbé e lọ. Ó ṣì ń lọ. Wọ́n á ní kò sí orúkọ yẹn, wọ́n á gbé e wọlé, wọ́n á gbé e jáde ní rírán pa. Ó ti ní mẹ́sàn-án báyìí, ó tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì Eliseo lẹ́sẹẹsẹ. Kò bi ẹnikẹ́ni mọ́ bóyá ọmọ òun wà láàyè tàbí ó ti kú. Ohun tó ń bi wọ́n nísinsìnyí ni irú ẹrù tí ọmọ òun ń rù níbẹ̀, nítorí pé oṣooṣù ni ihò méjèèjì ń jìn sí i.